Macgregor Laird, Ẹni tí ó fi Ọkọ̀ Onírin Wọ Odò Ọya

Ìbéèrè: Kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí ó ti kú tipẹ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kan àgbègbè rẹ.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò, bí o bá wọ ọkọ̀ ní Kabba lọ sí Lokoja, tí o gun orí òkè Patti, tí o sì wo ìsàlẹ̀, odò ńlá méjì ni ojú rẹ yóò rí. Èyí tí ó gba Jẹ́bà wá ni Odò Ọya. Èyí tí ó ti ìlà-oòrùn wá ni Odò Bẹ́núé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, tí wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ sí òkun. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń fi àjẹ̀ àti ọ̀pá tu ọkọ̀ onígi lórí omi wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1832, ohun tí ojú kò rí rí gòkè odò náà wá: ọkọ̀ tí a fi irin ṣe, tí iná ń jó ní inú rẹ̀, tí èéfín ń rú ní orí rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ń fi àjẹ̀ wà á. Ọkùnrin tí ó ṣètò ọkọ̀ náà kò jókòó sí ilé kí ó rán ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ bá ìrìn àjò náà wá. Macgregor Laird ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà ní inú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan mọ̀.

Ní ọdún 1808 ni a bí Macgregor Laird ní Greenock, ìlú etí omi kan ní Scotland. William Laird ni orúkọ bàbá rẹ̀. John, tí a bí ní ọdún 1805, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdílé náà kó lọ sí ẹ̀bá Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń wọlé tí ó sì ń jáde ní ojoojúmọ́. Ní ọdún 1824, William dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀ ní Birkenhead, ní òdìkejì odò tí ó kọjú sí Liverpool. Ìkòkò irin ńláńlá tí a fi ń se omi fún ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n rò ó pé ẹni tí ó lè fi irin pẹlẹbẹ ṣe ìkòkò tí omi inú rẹ̀ kì í jò jáde, ó lè fi irin kan náà ṣe ọkọ̀ tí omi ìta kò ní lè wọ̀. Ní ọdún 1829, wọ́n kan ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tiwọn, èyí tí a fi ń kó ẹrù lórí omi tí kò jìn. Ní àárín ìró òòlù àti èéfín ẹwìrì yìí ni Macgregor ti di géńdé ọkùnrin.

Ó yẹ kí o mọ bí ọkọ̀ òkun ti rí ní ayé ìgbà náà, kí o tó lè mọ rírì iṣẹ́ àwọn ènìyàn yìí. Igi ni a fi ń kàn wọ́n, aṣọ ìgbòkun ni a sì ń ta sí orí òpó wọn kí atẹ́gùn lè máa gbé wọn lọ. Bí atẹ́gùn bá dá, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti iwájú, ọkọ̀ a máa rìn lọ́nà wíwọ́ bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Igi a máa jẹrà, kòkòrò inú òkun a sì máa lu ú. Bí a bá sì fẹ́ kí ọkọ̀ tóbi, igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gba àyè tí ẹrù ìbá gbà.

Ọgbọ́n tuntun méjì ni ó wá yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Èkíní ni ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi. Ǹjẹ́ o ti kíyè sí i bí ọmọrí ìkòkò ti máa ń fò sókè nígbà tí omi bá ń hó? Agbára tí ń ti ọmọrí yẹn náà ni. A ó fi èédú dá iná ńlá lábẹ́ ìkòkò irin. Omi yóò hó, ooru rẹ̀ yóò ti ọ̀pá irin kan síwá sẹ́yìn, ọ̀pá náà yóò sì yí kẹ̀kẹ́ ńlá méjì tí a kan pákó mọ́ yíká, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀. Àwọn pákó yìí ni yóò máa gbá omi sẹ́yìn bí àjẹ̀, tí ọkọ̀ yóò sì máa lọ síwájú.

Èkejì ni irin tí a fi rọ́pò igi. O lè béèrè pé, ṣé irin kì í rì ni? Gbé ìkòkò irin òfìfo lé orí omi, yóò léfòó. Ju ìṣó kan ṣoṣo sí inú omi kan náà, yóò rì. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni pé ìkòkò ní ihò inú, ó sì ń ti omi púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó rí àyè jókòó. Níwọ̀n ìgbà tí omi tí ó tì bá ti wúwo tó òun fúnra rẹ̀, kò ní rì mọ́. Bí ọkọ̀ onírin ti rí gan-an nìyẹn. Nítorí pé irin pẹlẹbẹ tí kò nípọn lágbára ju pákó tí ó nípọn lọ, ọkọ̀ onírin a máa fúyẹ́ ju ọkọ̀ onígi tí ó bá a dọ́gba. Ọkọ̀ tí ó bá fúyẹ́ kì í wọ inú omi jìnnà. Èyí ni ó mú kí ó dára fún odò tí yanrìn pọ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba Odò Ọya láti Bùsà títí wọ́n fi dé òkun. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àríyànjiyàn ni ọ̀rọ̀ ibi tí odò náà wọ̀ sí jẹ́ láàárín àwọn òyìnbó. Nígbà tí ìròyìn náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Laird, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ronú jinlẹ̀ lé e lórí. Ó ní èrò pé bí odò bá la inú ilẹ̀ Áfíríkà já, ọkọ̀ tí ń lo ẹ̀rọ lè gòkè rẹ̀ láìdúró de atẹ́gùn, kí ó lọ ra epo pupa àti eyín erin ní ibi tí wọ́n ti ń mú un jáde. Ó tún gbàgbọ́ pé bí òwò tí ó mọ́ bá gbilẹ̀, òwò ẹrú yóò rọ. Ó bá àwọn oníṣòwò Liverpool dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pèsè ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì. Igi ni wọ́n fi kan èyí tí ó tóbi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Quorra. Irin ni wọ́n fi kan èyí tí ó kéré. Laird fúnra rẹ̀ ni ó ṣètò bí yóò ti rí. Ọkọ̀ yìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 70, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 13, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì lọ. Alburkah ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní albarka, tí àwa Yorùbá ń pè ní àlùbáríkà, ni wọ́n mú sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn ènìyàn fi Laird ṣe yẹ̀yẹ́. Lóòótọ́, ọkọ̀ onírin kan ti gba omi tóóró tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kọjá ní ọdún 1822, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé irú rẹ̀ la agbami òkun já? Àwọn kan ní ìgbì yóò mì ín títí tí ìṣó irin yóò fi yọ dànù. Àwọn kan ní oòrùn Áfíríkà yóò mú inú rẹ̀ gbóná bí ààrò àkàrà òyìnbó, yóò sì yan àwọn tí ó wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ní ìjì àkọ́kọ́ tí ó bá jà, àrá yóò sán pa wọ́n nítorí irin. Laird kò bá wọn jiyàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní oṣù keje ọdún 1832, ọkọ̀ méjèèjì gbéra kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Lander ni olórí ìrìn àjò náà, Laird sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n wọ ẹnu Odò Ọya láti òkun. Ìṣó kò yọ. Àrá kò sán. Inú ọkọ̀ onírin sì tutù ju inú ọkọ̀ onígi lọ, nítorí pé omi odò tí ó yí irin ká kò jẹ́ kí ó gbóná. Alburkah ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ó rin ìrìn àjò lórí agbami òkun.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, à bá máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlẹ́yà kò ronú kàn ni ó dojú kọ wọ́n. Bí wọ́n ti ń gba àárín igbó etí omi gòkè, ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn òyìnbó. Lónìí, ìwọ mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà ní inú ẹ̀fọn. Afẹ́fẹ́ búburú tí ń ti inú àbàtà jáde ni wọ́n rò pé ó ń pa wọ́n. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, irin dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n àwọn tí ń da èédú sí iná ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì ni pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Odò Ọya a máa kún ní àkókò òjò, a sì máa fà nígbà tí òjò bá dá. Nígbà tí wọ́n fi súnmọ́ ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, omi ti ń lọ sílẹ̀. Quorra há sórí yanrìn, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí bí èédú ti lè pọ̀ tó tí yóò gbé ọkọ̀ kúrò níbi tí kò ti sí omi. Laird kò jókòó kí ó máa sunkún. Bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ yá, ó wọ ọkọ̀ kékeré gba Odò Bẹ́núé gòkè díẹ̀, ó sì dé ìlú Panda láti wá ọ̀nà òwò. Àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní ọdún 1833 kan náà, Lander àti dókítà Oldfield gbé Alburkah gba Odò Ọya títí dé Raba ní ilẹ̀ Nupe. Lẹ́yìn èyí, bí Lander ti ń padà gòkè odò pẹ̀lú ọjà, wọ́n yìnbọn fún un ní ìsàlẹ̀ odò, ó sì kú ní erékùṣù Fernando Po ní oṣù kejì ọdún 1834.

Jẹ́ kí n sọ iye wọn fún ọ. Òyìnbó 48 ni ó bá ìrìn àjò náà wá. Àwọn 9 péré ni ó padà délé láàyè. Laird jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjà tí wọ́n rà kò tó owó tí wọ́n ná. Ọkọ̀ tí a sọ ní àlùbáríkà kó ìbànújẹ́ wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Liverpool. Níbí ni mo fẹ́ kí o dúró díẹ̀. Bí a bá wo irin nìkan, a ó ní iṣẹ́ Laird yọrí sí rere. Bí a bá wo ènìyàn, a ó ní ó kùnà. Laird fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Òun àti Oldfield kọ ìwé ìròyìn ìrìn àjò náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1837. Wọ́n sọ ohun tí ó dára àti ohun tí ó bàjẹ́, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Laird kò tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1837 kan náà, ó fẹ́ Eleanor, ọmọbìnrin Edward Nicolls tí ó ti ṣe olórí ní Fernando Po. Ó tún wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí New York. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí ọkọ̀ tí ó lè gbé èédú tí yóò tó o la Òkun Àtìláńtíìkì já. Ọkọ̀ ńlá tí ẹgbẹ́ náà ń kàn kò tíì parí, nítorí náà wọ́n yá ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Sirius. Ó kúrò ní Cork ní ilẹ̀ Ireland ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1838, ó sì dé New York ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Òun ni ó kọ́kọ́ ti Yúróòpù fi agbára ẹ̀rọ nìkan dé Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kejì ni Great Western, ọkọ̀ tí Brunel ṣètò, dé bá a níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John kò dẹwọ́ ní Birkenhead. Wàhálà kan wà tí ó ń da àwọn ọlọ́kọ̀ onírin láàmú: irin a máa fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, ọkọ̀ a sì ṣìnà. Ní ọdún 1838, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Airy lo ọkọ̀ onírin tí John kàn, tí a ń pè ní Rainbow, láti fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé bí a bá fi irin òòfà àti irin lásán díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpáàsì ní ibi tí ó yẹ, abẹ́rẹ́ yóò padà máa sọ òótọ́. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ onírin ti lè máa rìn ní agbami láìfòyà.

Ṣùgbọ́n ibà kò tíì rí oògùn. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ onírin mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, wọ Odò Ọya. Ilé iṣẹ́ John Laird ni ó kàn wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rọ kan sí inú wọn tí yóò máa fọ afẹ́fẹ́ mọ́ fún àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀, nítorí wọ́n ṣì gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ibà. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́rú ní ọdún 1822, wà nínú ìrìn àjò yìí. Wọ́n dé ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọ́n sì gba ilẹ̀ láti dá oko sí ibi tí Lokoja wà lónìí. Nínú òyìnbó bí 145, nǹkan bí 130 ni ibà mú, àwọn tí ó kú sì lé ní 40. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí ohun tí a kò mọ̀ kò ṣeé fi ẹ̀rọ lé. Wọ́n pa oko náà tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ Odò Ọya mọ́.

Laird nìkan kọ́ ni kò gbàgbé, ṣùgbọ́n òun ni ó ní irin àti owó tí ó lè fi ṣe nǹkan sí i. Ní ọdún 1852, ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan sílẹ̀ tí yóò máa fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kó lẹ́tà àti ẹrù wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àkókò tí a dá. Ṣáájú èyí, oníṣòwò kékeré tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ kò lè bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò. Nígbà tí ọkọ̀ Laird bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà náà, ẹni tí ó ní àgbá epo díẹ̀ náà lè san owó ọkọ̀ kí ó sì fi ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́.

Ní ọdún 1854, ó tún gbójú lé Odò Ọya. Ó rán ọkọ̀ onírin kan tí ń jẹ́ Pleiad, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn, ìjọba sì ràn án lọ́wọ́. Wo bí ọkọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí Alburkah. Kò ní kẹ̀kẹ́ ńlá ní ẹ̀gbẹ́. Abẹ̀bẹ̀ irin kan ni ó wà ní ìdí rẹ̀ lábẹ́ omi, tí ẹ̀rọ ń yí, tí ó sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ní àléébù. Bí ọkọ̀ bá ti ń jó èédú rẹ̀ tán, yóò fúyẹ́, yóò ga sókè, pákó kẹ̀kẹ́ kò sì ní wọ omi dáadáa mọ́. Bí ọkọ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ kan yóò rì jù, èkejì yóò máa gbá afẹ́fẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ tí ó wà lábẹ́ omi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ kejì ju ti abẹ̀bẹ̀ lọ. Dókítà William Baikie ni olórí ìrìn àjò náà. Ó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuiníìnì, oògùn kíkorò tí a ń rí láti ara èèpo igi, kì í ṣe nígbà tí ibà bá ti dá wọn dùbúlẹ̀, bí kò ṣe ní ojoojúmọ́ kí ibà tó dé. Ìyàtọ̀ kẹta ni pé oṣù keje, nígbà tí omi ń kún, ni wọ́n wọ odò, wọ́n sì jáde ní oṣù kọkànlá kí ó tó fà tán. Òyìnbó 12 àti àwọn ọmọ Áfíríkà 54 ni ó wà nínú ọkọ̀, Crowther sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí omi. Wọ́n gba Odò Bẹ́núé gòkè kọjá ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kankan ti dé rí. Ibà kò pa ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí irin nìkan kò lè ṣe, tí oògùn nìkan kò lè ṣe, ni irin, oògùn àti ìmọ̀ odò para pọ̀ ṣe. Ó gba Laird ní ọdún 22 kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Àṣeyọrí yìí mú kí ìjọba bá Laird ṣe àdéhùn pé kí ó máa rán ọkọ̀ wọ odò lọ́dọọdún. Ní ọdún 1857, Dayspring gòkè wá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ibùdó òwò sílẹ̀ ní Aboh, ní Onitsha àti ní Gbebe tí ó kọjú sí Lokoja. Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ sókè, ó kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ó sì fọ́. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yè. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò fún bí ọdún kan kí ọkọ̀ Laird mìíràn, Sunbeam, tó wá gbé wọn. Baikie kò bá wọn padà sílé títí. Ní nǹkan bí ọdún 1860, ó tẹ̀dó sí Lokoja, ó ń ra àwọn ẹrú sílẹ̀, ó sì ń gba àwọn tí ó sá wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú nìyẹn.

Má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí ọkọ̀ wọ̀nyí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ti ń ra epo lọ́wọ́ àwọn ará òkè, wọ́n sì ń tà á fún òyìnbó ní etí òkun. Láti inú èrè yìí ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí ọkọ̀ Laird ń kọjá wọn lọ sí òkè, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn ni. Wọ́n yìnbọn sí àwọn ọkọ̀ náà, ní ọdún 1859 wọ́n sì pa ènìyàn nínú ọ̀kan. Laird bẹ ìjọba pé kí ó fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ ọkọ̀ òun. Ní ọdún 1861, ọkọ̀ ogun kan wọ odò, ó sì fi ìbọn àgbá run àwọn abúlé. Ṣùgbọ́n Laird ti kú nígbà náà. Oṣù kìíní ọdún náà ni ó kú ní London. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ti àwọn ibùdó òwò rẹ̀ pa. Kò fi Odò Ọya di olówó.

Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ kò kú. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ Elder Dempster nígbẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ Aureol tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wọ̀ lọ kàwé ní Liverpool láàárín ọdún 1951 sí 1972. Ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ di Cammell Laird ní ọdún 1903. Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rọ mìíràn sì tẹ̀ lé ipa ọ̀nà tí ó là. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí Royal Niger Company gba àṣẹ ní ọdún 1886, ó sì fi Lokoja ṣe ibùdó àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá kan ilé wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn jagunjagun Nupe ti ń kó àwọn ènìyàn Okun lẹ́rú, láti Owé dé Ìjùmú, láti Bùnú dé Yàgbà àti Òwòrò. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ yìí rìn láti Lokoja dé Kabba, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ wọn sì ń lọ ń bọ̀ lórí Odò Ọya kí ogun Nupe tí ó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa má bàa lè sọdá lọ gbèjà Bida. Wọ́n kéde pé Kabba ti bọ́ lọ́wọ́ Bida. Àwọn baba wa yọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹni tí ó tú wọn sílẹ̀ ti di ọ̀gá lé wọn lórí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso. Ọkọ̀ kan náà ni ó gbé òmìnira wá tí ó sì gbé àjàgà wá. Bí o bá ń kọ ìtàn ẹnikẹ́ni, sọ apá méjèèjì.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ tí mo ní mo fẹ́ kí o mú? Òun ni pé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í parí ní ibi tí a ti kàn án. Kò parí ní ọjọ́ tí a tì í sínú omi tí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí àwọn tí ó wọ̀ ọ́ bá padà délé láàyè ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Laird mọ èyí ní ọdún 1834, nígbà tí ó padà pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, kò sì sinmi títí ó fi rán ọkọ̀ kan jáde tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ padà wá. Títí di òní, ọkọ̀ onígi tí a kó èrò kún àkúnfàya ń dojú dé lórí odò wa, àwọn ọmọ wa sì ń kú. A kò nílò ọgbọ́n àràmàǹdà láti dá èyí dúró. Kí a má ṣe kó èrò ju agbára ọkọ̀ lọ, kí a má ṣe tukọ̀ ní òru, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi, ó lè jẹ́ ìwọ ni yóò kan ọkọ̀ tí yóò máa ná Lokoja sí òkun lọ́jọ́ iwájú. Ó lè jẹ́ afárá ni ìwọ yóò ṣe, tàbí ilé, tàbí ẹ̀rọ. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ bá kùnà, má ṣe fi í pamọ́, má sì ṣe sá fún un. Kọ ọ́ sílẹ̀, wá ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀, kí o sì tún un ṣe. Ohun tí Laird ṣe nìyẹn, òun ni ó sì mú kí a máa dárúkọ rẹ̀ ní ẹ̀bá Odò Ọya títí di òní.